Kí A Tó Pa Màlúù Fún Ìyá, Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Rìn

Ọ̀rọ̀ orúnkún àti ìgbáròkó la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá wọ ilé ìjọsìn ní Òrù, ní Àwà tàbí ní Agọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ wo apá ẹ̀yìn. Nígbà tí olùdarí ìsìn bá ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìyá kan tí wọn ò kúrò lórí àga. Wọ́n á di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú mú, wọ́n á tẹrí ba. Àwọn míì nínú wọn kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Orúnkún ti wú, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sóde bí ọrun. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ru ẹ̀gẹ́, obì àti igi ìdáná láti oko wálé, tí wọ́n fi jókòó ti agbada gàrí lórí àpótí. Ohun tí à ń sọ fún wọn ni pé ọjọ́ ogbó ló dé, tàbí pé ayé ló fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Níbi tí eegun bá ti pàdé eegun, Ọlọ́run fi kerekere bo orí àwọn méjèèjì, ó sì fi omi díẹ̀ sí i kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí kerekere yìí bá jẹ tán, eegun á máa ha eegun. Òun ló ń dún nígbà tí ìyá bá ń dìde, òun ló ń mú kí orúnkún wú, òun náà ló ń mú kí ẹsẹ̀ tẹ̀. Làkúrègbé tàbí arọmọléegun ni àwọn àgbà ń pè é. Oògùn lè dín ìrora rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò sí oògùn, ì báà ṣe ti òyìnbó tàbí àgbo, tó lè hu kerekere tó ti jẹ tán padà. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹni tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde bá ní ìgò kan péré ló máa parí ẹ̀.

Nígbà tó bá ti bàjẹ́ jìnnà, iṣẹ́ abẹ wà fún un. Dókítà eegun á gé ibi tó ti jẹ kúrò, á sì fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, irin ní apá kan, ike líle ní apá kejì. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Charnley ló ṣe irú ti ìgbáròkó tí gbogbo ayé wá tẹ̀ lé, ní ilé ìwòsàn Wrightington, lọ́dún 1962. Ti orúnkún tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ọmọ Nàìjíríà ń ṣe é níbí náà: ní Ìgbóbì l'Ékòó, ilé ìwòsàn eegun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945 fún ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ní UCH n'Ìbàdàn, àti láwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ẹni tó bá sọ pé Índíà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, kò wádìí ni.

Ta ló wá ń nílò rẹ̀ ládùúgbò wa? Ní ilẹ̀ òyìnbó, àwọn àgbàlagbà tí kerekere wọn ti jẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. Níhìn-ín, ẹ ó bá ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí ìlà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS jù lọ láyé, nítorí pé bíi ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin nínú wa ló jẹ́ AS. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé yẹn máa ń dí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó ń gbé oúnjẹ lọ sí orí eegun itan. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́, orí eegun náà á kú, á sì máa wó díẹ̀díẹ̀ bí ògiri alámọ̀ tí òjò ń pa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́mọdé fi ń tiro bí arúgbó. Àwa ìjọ máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti bí ńkọ́? Ta ló ń béèrè bí ìgbáròkó wọn ṣe ń ṣe sí?

Ọ̀kadà tún ń dá kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà Òrù sí Agọ́-Ìwòyè mọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe ń pọ̀ lórí ọ̀kadà, ẹni mẹ́ta lórí ẹyọ kan. Bí jàǹbá bá mú kí eegun itan yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀, ó yẹ kí dókítà ti dá a padà láàárín wákàtí mẹ́fà. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewu pé orí eegun náà máa kú ń pọ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n ń gbé ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí wọ́n á fi igi dì í fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò ní bú àwọn baba wọ̀nyẹn. Wọ́n ti to apá àti ojúgun tó jinná. Ìgbáròkó ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Bákan náà ni ti ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ tí ọrùn eegun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Ibẹ̀ kì í fẹ́ jinná fúnra rẹ̀ torí pé dídá náà ń gé ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Bí a bá tẹ́ ìyá sórí ẹní fún oṣù mẹ́ta, egbò ìdùbúlẹ̀ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni yóò kọ́kọ́ dé. Àwa á wá ní ìyá ṣubú, ìyá sì kú, bíi pé ìṣubú ló pa á.

Ohun kan tún wà tí inú mi kì í dùn sí. Àwọn kan ń ta oògùn làkúrègbé nínú ọ̀rá, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Oògùn steroid, irú bíi dexamethasone, máa ń wà nínú àwọn míì. Ìrora á lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, èèyàn á sanra, a ó ní ara ti ń dá. Bí wọ́n bá ń lò ó lọ fún ìgbà pípẹ́, oògùn kan náà yìí lè pa orí eegun itan, ó sì lè gbé ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru dìde. Nígbà tí aláìsàn bá wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, orúnkún nìkan kọ́ ló máa wò mọ́.

Kò yẹ kí a wá fi iṣẹ́ abẹ yìí tan ara wa jẹ. Ó ní ewu. Kòkòrò lè wọ ibẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù, torí pé bó bá wọ irin, oògùn lásán kì í sábà lé e jáde. Wọ́n lè ní láti tún un là, kí wọ́n yọ irin náà, kí wọ́n sì dúró fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Láwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Charnley fúnra rẹ̀ rí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ pé bí ẹni méje nínú ọgọ́rùn-ún ni kòkòrò ń wọ ojú iṣẹ́ wọn. Ó wá ṣe yàrá iṣẹ́ abẹ tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń fẹ́ sí, iye náà sì lọ sílẹ̀ ju ẹnì kan lọ. Nítorí náà, ẹ má tijú láti béèrè bí yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe rí, bóyá iná àti omi ibẹ̀ kì í lọ, àti iye irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n ń ṣe lọ́dún. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ kó sì gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fúnni lóògùn, tí wọ́n sì ń mú kí aláìsàn dìde rìn ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì. Ìgbáròkó tuntun lè yẹ̀. Ẹsẹ̀ kan lè gùn ju èkejì lọ díẹ̀. Ikú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ewu rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ: eegun lè le kọjá bó ṣe yẹ, kòkòrò ń tètè wọ̀ ọ́, àìsàn rẹ̀ sì lè gbéra lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú dókítà eegun. Ilé ìwòsàn tó bá ní kò pọn dandan, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Ó pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé Lancet lọ́dún 2019, láti inú àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Australia àti Finland, fi hàn pé nínú ìgbáròkó àtọwọ́dá 100, nǹkan bíi 58 ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí lẹ́yìn ọdún 25. Ti orúnkún jẹ́ nǹkan bíi 82. Ẹni ọgọ́ta ọdún tó bá ṣe é lónìí lè lò ó títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní láti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ti ìgbáròkó máa ń tẹ́ èèyàn lọ́rùn púpọ̀. Ti orúnkún, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ń sọ pé òun kò rí gbogbo ohun tí òun retí, ó sì dára kí èèyàn gbọ́ èyí kó tó sanwó.

Ayé ìyá á yí padà díẹ̀ pẹ̀lú. Kò ní lè jókòó lórí àpótí kúkúrú níwájú ààrò bíi ti tẹ́lẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ìgbáròkó ni wọ́n ṣe. Ṣálángá tí èèyàn ń lóṣòó sí kò dára fún un. Kí àwọn ọmọ bá a ṣe èyí tó ga tí a ń jókòó lé. Ìkúnlẹ̀ á nira lórí orúnkún tuntun. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ bá kí yín lóòró, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn ìkíni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti náni lówó.

Gbogbo orúnkún tó ń ro kọ́ ni a ó là. Ọ̀pọ̀ ni yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá dín ìwọ̀n ara kù. Kílò kan tí a bá dín kù, kílò mẹ́rin ló ń fúyẹ́ lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ́ eré ìmárale tó ń fún iṣan itan lágbára lọ́dọ̀ oníṣẹ́ físíò. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ náà dára, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dunni ni a sì ń fi mú un. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi ọwọ́ tí kò yẹ mú un. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án mọ́, tí ìrora kò jẹ́ kí èèyàn sùn lóru, tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Owó ni. Inú ilẹ̀ òkèèrè ni irin náà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní owó ìjọba. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ohun tó bá jẹ́ dọ́là 1,000 kúrò ní nǹkan bíi ₦460,000, ó di ohun tó lé ní ₦1,500,000, láìtíì san owó dókítà, owó bẹ́ẹ̀dì, owó ẹ̀jẹ̀ àti owó físíò. Ta ni nínú àwọn tó ń yan gàrí ní Òrù ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀? Ẹni tó wà ní Abígí tàbí Ìwọ̀pin tún ní ìrìn àjò rẹ̀ lọ́tọ̀: ọkọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ mìíràn sí Ṣàgámù tàbí Èkó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀. Àwọn olóṣèlú wa mọ ọ̀nà London. Bí orúnkún bá ń ro wọ́n, a kì í gbọ́ pé wọ́n tò sórí ìlà pẹ̀lú wa.

Arábìnrin kan wà tí mo mọ̀, oníṣòwò, opó. Ọdún mẹ́rin ló fi wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ iye owó iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ìpàdé, wọ́n ní kò sówó. Wọn ò purọ́, owó kò sí lóòótọ́. Ìyá kò lè dé ọjà mọ́, ọjà rẹ̀ kú, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, màlúù méjì ló ṣubú, aṣọ ẹbí mẹ́ta ni wọ́n dá, olórin wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì náwó fún un. Níbo ni owó náà ti wá? Àwọn ẹgbẹ́, àwọn àna, àwọn ará ilé, gbogbo wọn ló dá a. Gbogbo wa la dá a. Èmi náà ra aṣọ. Mo jókòó níbi ìnáwó náà, mo ń ṣírò lọ́kàn mi, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Owó náà ń bẹ láàárín wa, ẹ̀yin ará. Ìgbà tí a ń dá a ni kò dára. A mọ àjọ dídá, a mọ èsúsú, a mọ alájẹṣẹ́kù. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú ń dá owó ńlá fún aṣọ Ojúde Ọba lọ́dọọdún, ó sì wuyì lójú. Mi ò ní kí wọ́n má dá a mọ́. Ìbéèrè mi ni pé bí ẹgbẹ́ bá lè ra aṣọ kan náà fún igba èèyàn, ṣé kò lè gbé ẹnì kan nínú wọn lọ sí Ìgbóbì lọ́dún? Ẹgbẹ́ ìyá inú ìjọ kọ̀ọ̀kan lè ní àpótí kan fún èyí. Kí ó ní ìwé, kí ó ní ẹni mẹ́ta tó ń buwọ́ lùwé, kí wọ́n sì máa kà á síta fún ìjọ lóṣooṣù.

Àwọn kan á ní àdúrà ti tó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń kọ sí yín ń gbàdúrà, ó sì ti rí ìwòsàn lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Jákọ́bù ní Pẹ́níẹ́lì: ibẹ̀ ni ihò itan rẹ̀ ti yẹ̀, ó sì rí ìbùkún gbà lójú ẹsẹ̀ náà, síbẹ̀ ó ń tiro kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní ẹni tí kò nígbàgbọ́. Ẹ rántí àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbé arọ lọ sọ́dọ̀ Jésù, tí wọ́n dá òrùlé lu. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe kí ìwòsàn tó dé. Pásítọ̀ tó bá ní kí ìyá ju ọ̀pá nù lórí pẹpẹ, kí ó bá a dé ilé lọ́jọ́ kejì, kó wò ó bó ṣe ń dìde.

Apá ìjọba náà wà níbẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ní owó tí wọ́n ní láti yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè, nínú ìwé, bóyá wọ́n ń san owó irin oríkèé tàbí owó bẹ́ẹ̀dì nìkan. Èsì yẹn ni kí a gbé lọ bá ẹni tó ń ṣojú ẹkùn wa, Ìjẹ̀bú Àríwá, Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn àti Ògùn Waterside, nígbà tó bá tún wá tọrọ ìbò. Dípò tí yóò fi máa pín ọ̀kadà, kí ó bá wa jà kí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ṣàgámù ní irin lọ́wọ́ ní iye tí ìjọba ti dín kù. Màláwì kò lówó tó wa rárá. Síbẹ̀ láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń kọ gbogbo ìgbáròkó àti orúnkún àtọwọ́dá tí wọ́n bá ṣe sínú ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń pẹ́ àti èyí tó ń bàjẹ́.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò. Lọ́dún 2010, ilé iṣẹ́ DePuy ní láti pe irin ìgbáròkó kan tó ń jẹ́ ASR padà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í sára bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún èèyàn káàkiri ayé. Àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ló tú àṣírí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí iṣẹ́ abẹ bá ti kàn, bí wọ́n bá ti parí rẹ̀, ẹ gba ìwé àlẹ̀mọ́ kékeré tó wà lára páálí irin náà, èyí tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì ilé ìwòsàn, kí ẹ sì fún ọmọ tó bá mọ nǹkan pa mọ́ jù nínú ilé ní ẹ̀dà rẹ̀.